Bíà Tí Ọkọ Mi Kò Fẹ́ràn

Mọ́ńdè, 24 Nòfẹ́ńbà

Ayẹyẹ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Yareli ọmọ mi ku ọjọ́ méjìlá. Aṣọ ti délé. Tòlótòló ń yan kiri lẹ́yìnkùlé, kò mọ̀ pé òun lẹran ọbẹ̀. Bíà nìkan ló kù, òun ló sì ń dà mí láàmú. Ọ̀gbẹ́ni Òǹgbẹ — Fermín ọkọ mi — búra fún Màríà Wúńdíá ti Guadalupe lọ́dún tó kọjá pé ọtí ò ní kan ètè òun títí di 12 Dìsẹ́ńbà ọdún yìí, ọjọ́ àjọ̀dún Wúńdíá náà. Káàdì ìbúra tí Fadá buwọ́ lù wà lápò rẹ̀. Òde wa sì bọ́ sí 6! Ọjọ́ mẹ́fà péré ṣáájú.

Túsìdeè, 25

Mo ra kírétì mẹ́wàá. Bíà funfun ni gbogbo ẹ̀, omi lásán. Bíà dúdú tí Fermín fẹ́ràn, mo kọjá lára ẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Tọ́sìdeè, 27

Fermín rí i. Mo rò pé á pariwo. Ó kàn jókòó lé kírétì kan. "Màmá Yareli, èyí tí mi ò fẹ́ràn nìkan lo kó wálé. Ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé màá mu ún."

Mo ní rárá. Irọ́ ni.

Ó ní kí làwọn àlejò ṣe? Òun lòun búra, wọn ò búra. Kí n lọ pààrọ̀ ìdajì. Òun náà ni yóò po michelada, bíà olómi tòmátì. Ojú tì mí.

Fúráìdeè, 28

Mo pààrọ̀ ẹ̀. Dúdú fáwọn àgbà, funfun fún michelada. Màmá mi ní ẹni tó ń po nǹkan kì í ṣàì tọ́ ọ wò. Ẹ ṣé o, Màmá.

Sọ́ńdè, 7 Dìsẹ́ńbà

Àná! Fermín wà nídìí tábìlì: iyọ̀ àti ata létí ife, ọsàn wẹ́wẹ́, omi tòmátì, bíà. Kò tọ́ ọ wò. Imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Eleuterio, bàbá ìsàmì Yareli, ò jẹ́ kó sinmi: "Fermín, ọjọ́ mẹ́fà péré! Ṣé Wúńdíá ń ka ọjọ́ ni?"

Mo yíjú kúrò nídìí ọbẹ̀ báyìí — ife pupa lọ́wọ́ ọkọ mi, iyọ̀ àti ata létí ẹ̀, ó ti mu ún dé ìdajì. Mo sáré lọ já a gbà níwájú gbogbo ayé, mo gbé e dà sẹ́nu.

Sóbò ni! Sóbò tútù pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́.

"Ṣó dùn?" ni Fermín wí. Ẹ̀rín àti ẹkún gbà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní mo ti dójú ti òun, mo jẹ òun níjó kan. Mẹ́ta ni mo jó fún un.

Wẹ́sìdeè, 10

Ìgò dúdú kan ṣẹ́kù. Mo fi í pamọ́ fún Fermín. Ọdún kan gbáko — ó tọ́ sí i.

Fúráìdeè, 12

Ìbúra parí. Mo jí, kò sílé. Ìgò náà ò sí. Ẹ̀wà nìkan ló ń hó lórí iná. Mo ní kò burú, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ọkàn mi ò gbọ́.

Aago mẹ́wàá ló ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó gbé káàdì tuntun síwájú mi: títí di 12 Dìsẹ́ńbà ọdún tó ń bọ̀.

Mo ní ìgò ńkọ́?

Ó fẹnu tọ́ka sí ìkòkò ẹ̀wà. "Mo dà á sí i kí n tó jáde. Iná ló mu ún, èmi kọ́."

Mo bu ẹ̀wà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.