Ọ̀rọ̀ Tó Bọ́ Lẹ́nu Bàbá Kékeré Nídìí Sínúkà

Bàbá mi, ẹni iyì mi,

Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn yín sí rere. Ọmọ yín ti ń fi sínúkà jẹun báyìí o. Mi ò nu tábìlì fún àwọn òyìnbó ní ilé ìgbafẹ́ Ìbàdàn mọ́, mi ò sì kó bọ́ọ̀lù jọ fún ọ̀gá kankan. Èmi ni mò ń kọ́ wọn. Àwọn èèyàn ń sanwó láti wá wo bí mo ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù sínú àpò tábìlì. Lóṣù tó ń bọ̀, mò ń lọ sí Èkó; ilé ìgbafẹ́ ńlá kan níbẹ̀ ló ní kí n wá máa kọ́ àwọn èèyàn òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí, Láísì, Bàbá Kékeré wa. Ẹ má bínú pé mi ò ní pè é ní "wọ́n" níbí. Lójú ayé, mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Nínú lẹ́tà yìí, "ó" ló tọ́ sí i, "ó" náà sì ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń pariwo láàárín agboolé pé ọmọ alùfáà ń fi igi ti bọ́ọ̀lù káàkiri bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ fayé sílẹ̀, níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ yín, ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ fún mi pé ìtìjú mi lẹ gbé lọ sí sàréè. Mo gbà á gbọ́. Ẹ ò fìgbà kan dárúkọ eré náà fún mi. Tí mo bá ti Ìbàdàn dé, ẹ ó kàn béèrè bóyá mò ń kírun, ẹ ó sì ní kí n lọ jẹun.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé tábìlì kan wá sí gbọ̀ngàn tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ìwó. Wọ́n ní kí n wá bá ọkùnrin kan láti Èkó díje, ẹni tí kò sẹ́ni tó borí ẹ̀ rí. Èèyàn ti Kúta wá, wọ́n ti Olúpọ̀nnà wá. Ta ni mo rí níjòókòó iwájú? Àbúrò yín, nínú agbádá tó fẹ̀ ju làákàyè rẹ̀ lọ! Nígbà tí ará Èkó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo gbá tèmi wọlé, ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í.

"Ṣé ó ti ṣì í ni?"

Òpè.

Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù dúdú nìkan ló kù. Ẹni tó bá gbá a wọlé ló borí. Ará Èkó gbá a, ó kọlu etí àpò, ó yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, mo mí, mo gbá a. Ó wọlé. Gbọ̀ngàn hó yèè.

Kí n tó gbé ọ̀pá sílẹ̀, àbúrò yín ti dìde.

"Èmi ni mo tọ́ ọ o! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, alùfáà, la jọ wọkọ̀ ojú irin lọ wò ó n'Íbàdàn. Ojú fèrèsé ilé ìgbafẹ́ wọn la dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Láísì, wo ọwọ́ ọmọ mi, kò gbọ̀n!'"

Bàbá, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò tiẹ̀ mọ ohun tó sọ. Mo sún mọ́ ọn.

"Bàbá Kékeré, ṣé ìtìjú tí wọ́n gbé lọ sí sàréè nìyẹn?"

Ó wolẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè, ó ní ṣé mi ò ní mú òun dání lọ sí Èkó. Mi ò bú u. Èébú níyì jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, kí ló dé tẹ́ ò wọlé? Ṣé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló lé yín ni? Àbí ẹ rò pé láwàní yín máa dójú tì mí láàárín àwọn òyìnbó? Ẹ̀ bá wọlé, Bàbá. Ǹ bá ju ọ̀pá sílẹ̀, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ dídán wọn, kí gbogbo wọn rí ẹni tó bí mi.

Èmi ni,
Ọmọ yín tẹ́ ẹ dúró lójú fèrèsé wò.