Lórí Ìkúnlẹ̀ Nínú Eré Orí Fóònù

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́ láti Pobẹ̀ níhìn-ín, lódìkejì bọ́dà. Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo kí Bùọ̀dá àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ilé wa ní Ìlaròó.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù kò jẹ́ kí ẹ sùn dáadáa. Mo ní kí Bùọ̀dá wá kó ẹrù mi, pé mi ò lè ṣe é mọ́. Òótọ́ ni lọ́jọ́ náà. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Gbogbo kíláàsì á ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ̀ pé olùkọ́ dá àpárá. Yorùbá àdúgbò yìí jọ tiwa, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti lanu. Òjò sì ń rọ̀ ṣáá. Mo lè ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, kí n jẹun, kí n sùn, láìbá ẹnikẹ́ni sọ ju ẹ káàsán lọ.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: mo wọ ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ agbègbè yìí ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe eré. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn tí ó ń ṣe, nínú abúlé tí a fi ọkàn dá. Ohun tí ẹni náà bá fi ara ṣe, a ó kọ ọ́ sáàárín ìràwọ̀ méjì. Tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ara wa, inú àmì akọmọ ni. Òfin tó wù mí jù ni pé o kò gbọdọ̀ kọ ìṣe ẹlòmíràn fún un. O lè ju ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí o jù ú sí ni yóò kọ bóyá ó ba òun.

Àlejò ni èmi ń ṣe; ẹnì kan tí mi ò mọ̀ ló ń ṣe Ìyá Àgbà. Mo dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà, mo kọ ọ́ pé: *Àlejò kúnlẹ̀, ó kí Ìyá Àgbà.* Kò sí èsì. Àwọn yòókù lọ sóko, wọ́n bọ̀, wọ́n jà, wọ́n parí ìjà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹni tó ń ṣe ọdẹ, ọmọ ìlú Towé kan tí kì í dákẹ́, bi mí bóyá sìmẹ́ǹtì ni wọ́n dà sí mi lórúnkún. Ó ní kí n kàn kọ ọ́ pé Ìyá Àgbà dáhùn, kí n wọlé, ta ló máa mú mi? Ó ṣe mí bíi kí n ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló ń dìde kí àgbà tó dá a lóhùn? Lọ́kàn mi, mo ní bí wọn kò bá dá mi lóhùn níbí náà, ilé ti yá nìyẹn.

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ọ̀sán ni èsì dé: *Ìyá Àgbà ti ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó rí àlejò. Ó na ọwọ́ sí i.* Ó parí síbẹ̀. Kò kọ ọ́ pé òun fà mí dìde. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó fi àyè sílẹ̀ dè mí báyẹn. Mo kọ ọ́ pé: *Àlejò di ọwọ́ náà mú, ó dìde.*

Nígbà náà ni Ìyá Àgbà bọ́ sínú àmì akọmọ, ó tọrọ gáfárà pé kò síná ní Sakẹ́tẹ́, ìlú òun, fóònù òun kú. Klarisi lorúkọ rẹ̀, mo sì ju ìyá àgbà náà lọ lọ́jọ́ orí! Ó ní òun ka gbogbo yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe, pé ẹni tó lè dúró bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ mọ̀. Ó bi mí bóyá òun lè wá kí mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Mo ní kó máa bọ̀.

Ó gun ọ̀kadà wá nínú òjò. Àwa méjèèjì jókòó, mo tẹjú mọ́ fóònù mi, títí ó fi ní àṣé àtàǹpàkò mi nìkan ló gbọ́ Yorùbá. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá onílé fi yọjú. Wọn ò gbọ́ ẹ̀rín mi rí. Klarisi bá mi ka ìwé Faransé díẹ̀, ó sì ní èmi ló kàn láti wá sí Sakẹ́tẹ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún Bùọ̀dá kí wọ́n má wá kó ẹrù mi mọ́. Àárò yín ṣì ń sọ mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ parí ọdún yìí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí ẹ̀yin àti Bàbá sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín ní Pobẹ̀,
Bọ́sẹ̀