Áàpù fún Télọ̀ Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọ̀sẹ̀ kẹfà mi nílùú yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá mi sọ̀rọ̀ lónìí: télọ̀ ìsàlẹ̀, tí mo háyà yàrá tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí n yéé fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí òun bí ẹṣin. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Lójú rẹ̀, "mà" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ìwé ò lẹ́nu.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní áàpù ṣíṣe pín fọ́ọ̀mù. Kí oníkálukú wá ẹnì kan tó máa lo áàpù tó ṣe, kí ẹni náà fọwọ́ sí i pé ó wúlò fóun. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni gbèdéke. Ẹni tí kò bá rí ìbuwọ́lù máa tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ta ni mo mọ̀? Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó gbà. Ó ní, "Gbé e wá, ká wo ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lọ́hùn-ún."

Ó ya fọ́tò gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ sínú áàpù náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn aláṣọ. Áàpù ló máa ṣírò ìgbà tí wọ́n máa parí: ẹni tó kọ́kọ́ dé, tiẹ̀ ló kọ́kọ́ máa yọ. Aṣọ mẹ́rin lójúmọ́ — mo ti kà á látorí àtẹ̀gùn. Bí ọjọ́ bá pé, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí aláṣọ. Mi ò sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́ fún un. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ó yà á lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo lè kọ ọ́ wàyí. Láàárọ̀ àná, èèyàn mẹ́rin gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé aṣọ wọn ti ṣetán. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé. Ti ẹnì kan ò tíì kúrò nínú báàgì tó fi gbé e wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kan. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń gúnni lábẹ́rẹ́. Ó na fóònù sí Ìyá Abẹ́rẹ́ lójú: "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ èyí ni? Àbí ẹ̀mí àìrí ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́?"

Èmi wà lórí àtẹ̀gùn, mò ń gbọ́. Mi ò sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, Ìyá Abẹ́rẹ́ pè mí. Kò pariwo, ìdí nìyẹn tí mo fi rántí gbogbo rẹ̀. Ó ní áàpù mi dà bí àlejò tó wọlé, tó wá ń dáhùn kíkí lórúkọ onílé. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni mo máa ń kọ́kọ́ rán tiẹ̀? Ṣé o bi mí?"

Mi ò bi í.

"O kàn ń yọrí wò mí látòkè bí alángbá."

Alángbá. Ó dáa.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra bó ṣe ń feyín já òwú. Òótọ́ ló sọ — ìyẹn gan-an ni mo kórìíra jù.

Ẹlẹ́rìn-ín, tá a jọ wà ní kíláàsì, ní kí n gbé fọ́ọ̀mù wá kí òun bá mi fọwọ́ sí i. "Ta ló ń wò ó?" Àǹtí rẹ̀ tó fọwọ́ sí tiẹ̀ pé áàpù wúlò, kò ní fóònù.

Ọjọ́rú, 12

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ. Kò dáhùn ìkíni mi. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó ju aṣọ kan lù mí: bí mo bá fẹ́ jókòó bí ère, ó kéré tán kí n bá òun tú u.

Ọ̀sán ni mo tó rí i. Ṣòkòtò dúdú, síkẹ́ẹ̀tì dúdú, kóòtù dúdú, léraléra — ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti àná, ti àárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ló yọ òwú dúdú, ó ki funfun bọ ẹ̀rọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ funfun. Òwú ló ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe ọjọ́!

Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ẹnikẹ́ni nílùú yìí.

"Ta ló ń pààrọ̀ òwú tìtorí aṣọ kan? Wèrè?"

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo tú gbogbo áàpù náà palẹ̀, mo tún un ṣe. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́. Àwọ̀ òwú ló ń kó aṣọ jọ. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ní búlúù tó kún àti búlúù tó ṣí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ó ní bí òun bá fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mú, fóònù á ṣókùnkùn, á sùn mọ́ òun lójú. Kò sọ pé ohun kan dára.

Ọjọ́rú, 26

Mo ti tún lẹ́tà ṣe. Mo ti ya búlúù sọ́tọ̀. Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ bá a. Ó kà á tán, ó dá a padà. "Èmi kì í rán àmì ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ aṣọ tí etí rẹ̀ ò tíì pé. Fóònù ṣì ń sùn."

Mo ní ọ̀túnla ni gbèdéke, mà. Ó ní òun kọ́ ló dá a.

Òǹrorò.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ẹlẹ́rìn-ín mú bírò dání. Mo wo bírò yẹn títí. Rárá. Kì í ṣe ti ìwà rere o. Mi ò kàn fẹ́ kí irọ́ jókòó sáàyè tí Ìyá Abẹ́rẹ́ kọ̀ láti jókòó sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mo fún olùkọ́ ní fọ́ọ̀mù náà láìní ìbuwọ́lù. Olùkọ́ ní, "Ẹni tó lò ó dà?" Mo ní ó kọ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Abẹ́rẹ́ ni mo gbà lọ tààrà. Mo ní wọn ò gbà á, ẹ̀yin lẹ fà á, mà, ẹ gbé fóònù yín wá, mo fẹ́ pa áàpù mi rẹ́.

Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó fi fóònù náà hàn mí látòkèèrè, kò jẹ́ kọ́wọ́ mi kàn án. Aṣọ mọ́kànlélógójì ló ti kó síbẹ̀, lábẹ́ àwọ̀ òwú mẹ́sàn-án. Ìwé tó máa ń kọ iṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀ wà nínú garawa ìdọ̀tí, láàárín àwọn àjákù aṣọ.

"Pa á rẹ́," ó ní. "Pa á rẹ́, ká wo yàrá tí o máa sùn sí lónìí."

Ó kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Mi ò pa á rẹ́. Kò sì fọwọ́ sí i.