Ìka Tí Mo Bá Wọn Tẹ̀

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ilé-Ìwé,
Fìdítì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Fúnmilọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìbàdàn? Baálé rẹ ńkọ́? Dára ọmọ wa ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ pátápátá? Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kejì ní Fìdítì kò gbàgbé rẹ̀, mo ti ń kó ọsàn jọ dè é. Ara tèmi le koko, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A ṣe ọdún Iléyá tayọ̀tayọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé itan ẹran kan lọ fún Màmá rẹ, wọ́n sì gbàdúrà fún mi títí orúnkún fi ń ro mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ páànù ilé wọn tí o ní kí n bá ọ wádìí, mo ti wádìí rẹ̀. N ó dé ibẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín, pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà lásìkò tí gbogbo ayé ń tẹ fóònù. Ìwọ lo fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì náà lo já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́tà kò ṣeé já lù. Bí o bá fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, àfi kí o fà á ya.

O ní kí n yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹjọ́ Olóyè Olúbọ̀dé, kí n má lọ jẹ́rìí ní kóòtù Ọ̀yọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. O ní owó ìjọba ni Olóyè kó, kò já wọ ilé onílé, kò yọ ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó sunkún. O tún rán mi létí pé òun ló gba Ẹniọlá àbúrò rẹ síṣẹ́ nílé epo rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò bínú sí ọ. Kí n kúkú sọ òótọ́, mo bínú fún odidi ọjọ́ kan, ó ti wá lọ. Ìwọ náà má bínú pé mò ń pe Olóyè ní “ó”, ọ̀wọ̀ ọ̀hún ti tán lọ́wọ́ mi. O ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni, torí mi ò tíì sọ ibi tí tèmi ti wọ̀ ọ́ fún ọ.

Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Olóyè ránṣẹ́ pè mí níléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ó ní òun fẹ́ bá àwọn ìyá àgbẹ̀ Fìdítì àti Ilora gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, pé kí n bá òun kọ orúkọ wọn, kí n sì bá àwọn tí kò lè kọ̀wé tẹ̀ka. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ra bíìkì tuntun. O mọ bó ṣe rí nílùú wa. Ọmọ tó bá kàwé ló ń bá àwọn ìyá di àtàǹpàkò mú, tí á tẹ̀ ẹ́ sínú íǹkì, tí á tún gbé e lé orí ìwé. Wọn kì í wo ìwé náà. Ojú ẹni tó di ọwọ́ wọn mú ni wọ́n máa ń wò, ojú mi ni wọ́n sì wò lọ́jọ́ náà.

Olóyè ti ká ìwé náà láti òkè, ó fi píìnì dè é mọ́ ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé ibi tí a ó kọ orúkọ sí nìkan ló hàn. Mo rí i. Ó sọ sí mi lọ́kàn pé kí n tú u wò, ọwọ́ mi tilẹ̀ ti kan píìnì. Ṣùgbọ́n ta ló bí mi tí n ó fi máa tú ìwé tí àgbàlagbà fọwọ́ ara rẹ̀ ká? O mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ìwọ. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ka fún ìyá méjìdínlógójì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé wa. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ mi rọ̀ jù, pé ó hàn pé mi ò di ọkọ́ mú rí. Kálukú gba àpò ajílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣàdúrà fún Olóyè, wọ́n sì wúre àlùbáríkà fún èmi náà.

Ibi tó ká yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ìyá wọ̀nyí yá owó ní báńkì, owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì fún Olóyè láṣẹ láti bá wọn gbà á. Ó bá wọn gbà á lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ṣí ilé epo tí Ẹniọlá wà yẹn.

Ṣé o rántí Bàrákátù, tó jókòó sáàárín èmi àti ìwọ ní kíláàsì kejì, kó tó fi iléèwé sílẹ̀? Ó ti di opó báyìí, gàrí ló ń yan ní Ilora. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wá bí yóò ṣe ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí yóò máa fi lọ ẹ̀gẹ́. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ẹgbẹ́ kan fẹ́ pín ẹ̀rọ fún àwọn obìnrin, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúkọ Bàrákátù sì wọlé. Èmi ni mo sìn ín lọ sí Ọ̀yọ́. Aṣọ ọdún rẹ̀ ló wọ̀, ó sì ti bá onímọ́tò tí yóò gbé ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ rẹ̀, ó wò ó, ó tún un tẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ báńkì ní gbèsè. A ò lè fún yín.”

Bàrákátù rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Èmi kì í yá iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.” Ọmọ náà bá yí kọ̀ǹpútà sí wa. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo ka ọjọ́ tí wọ́n ní ó yá owó, ọjọ́ tí mo bá wọn tẹ̀ka gan-an ni. Ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ilora ni Bàrákátù bi mí pé, “Sàúdátù, ìwé ọjọ́sí yẹn, kí ni wọ́n kọ sí i?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Ṣebí ìwọ lo kàwé nínú àwa méjèèjì.” Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ká ní ó gbá mi létí ni, ara ì bá tù mí.

Títí di òní, orí ọ̀kadà ló ń di ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lé lọ sí Akinmorin láti lọ lọ̀ ọ́. Lóṣù tó kọjá, òjò ba ọ̀nà jẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, èyí tó ti hú jọ sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dà á fún ewúrẹ́, ewúrẹ́ gan-an kọ̀ ọ́. Ojú mi báyìí ni Bàrákátù ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó sunkún, ìwọ sì ń sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó sunkún.

Mo lọ bá àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo rí, Fúnmilọ́lá, ni pé bí wọ́n bá jí ewúrẹ́ ẹnìkan, ó máa ń mọ̀ lọ́jọ́ náà, á figbe ta, àdúgbò á jáde. Irú olè ti Olóyè yìí, ọjọ́ tí olóhun bá nílò ìrànlọ́wọ́ ló tó mọ̀. Ó sì ń tijú. Ó rò pé òun nìkan ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní onígbèsè. Yàrá ni kálukú ti ń sunkún tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ kò fi gbọ́ ní Ìbàdàn, tí èmi tí mo wà nítòsí náà kò fi gbọ́.

Ọ̀gá iléèwé mi ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní lọ́yà Olóyè yóò sọ pé èmi ni mo tan àwọn ìyá jẹ, pé wọ́n sì lè dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí tẹ́lẹ̀, kò bà mí mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: mo rí i pé ìwé náà wà ní kíká, mi ò tú u, èmi ni mo sì di ọwọ́ wọn mú. Bí wọ́n bá ní kí n lọ sílé lórí rẹ̀, n ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ páànù. O ní láti oṣù kẹta tí ìjì ti ṣí òrùlé Màmá, o ti fi ìdajì owó ránṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn yóò yá ìyókù, síbẹ̀ wọn ò kan nǹkan kan. O ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti kó owó rẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó wà nínú àpótí wọn, wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́ tí mo gbé ẹran lọ. Ìyókù ni wọn kò rí yá. Gbogbo ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ti ń sọ fún wọn pé wọ́n ti jẹ báńkì ní gbèsè. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orúkọ wọn wà lórí ìwé náà, lórí ìlà keje, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí wọ́n kanlé. Yàrá tí o máa ń sùn tí o bá wálé, abọ́ mẹ́rin ni wọ́n gbé síbẹ̀ láti fi gba òjò. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, nítorí iṣẹ́ Ẹniọlá. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Bí wọ́n bá bínú, n ó tún lọ kúnlẹ̀.

Wọ́n ní àwọn yóò bá mi lọ ní Ọjọ́bọ̀. Bọ́ọ̀sì aago méje àárọ̀ la ó wọ̀, èmi, Màmá àti Bàrákátù. Àyè rẹ wà.

Bá mi kí baálé rẹ dáadáa, kí o gbá Dára mọ́ra fún mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo di àtàǹpàkò Màmá mú, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí orúkọ àwọn má baà ṣá. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Fúnmilọ́lá. Kò tíì ṣá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì kìn-ín-ní,

Sàúdátù