Àpá Okùn Lára Ọ̀pá Bàámi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá

Adájọ́ wá lónìí. (Kì í ṣe adájọ́ níbì kankan o, olùkọ́ ìṣirò ni. Lójú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, Adájọ́.) Ó ní Bàámi kò gbọ́dọ̀ dá gbé ilé etí igbó yẹn mọ́. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tó kọjá. Ó ti tún yàrá kan ṣe dè wọ́n nílé rẹ̀ ní ìgboro, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàámi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní àwọn ṣì ń pa ẹran. Adájọ́ ní pípa kọ́ nìṣòro, ta ni yóò gbé e jáde? Ni wọ́n bá ní tí àwọn bá fi èjìká ara àwọn gbé àgbọ̀nrín kan jáde nínú igbó, ní odindi, ńkọ́? Ọ̀pá tí ẹni méjì fi ń gbé ẹran ni a ó lò, kí èmi gbé ẹ̀yìn, kí àwọn gbé iwájú. Adájọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láéláé.

Bàbá àti ọmọ ń ta kàǹgbọ̀n. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi fẹ́ gbé nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àbámẹ́ta ni Bàámi dá fún igbó náà. Mo sọ fún wọn pé aṣọ pọ̀ nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni. Màá lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ wo ọ̀pá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bàámi. Ó ti dúdú, ó ń dán níbi tí èjìká ti pa á. Òórùn èéfín àti irun ẹran — òórùn ìgbà èwe mi gan-an nìyẹn. Mo gbé imú mi tì í bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ bá wọn gbé e. Èmi níwájú, àwọn lẹ́yìn. Òfin Bàámi: ẹni iwájú kì í bojú wẹ̀yìn, ọ̀nà ni kó máa wò, ẹni ẹ̀yìn ló ni ẹrù. Màá máa bi wọ́n láti iwájú pé, “Bàámi, ṣé ó wúwo?” Wọ́n á ní rárá, kò wúwo, ṣebí ìwọ lo gbé e, Alágbára mi. Odindi àgbọ̀nrín, kò sì rẹ̀ mí! Mo ròyìn rẹ̀ nílé ìwé títí ó fi sú wọn. Ó wù mí kí n tún jẹ́ Alágbára lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọwọ́ ń ro mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

A wọ igbó ní kùtùkùtù, ìrì ṣì wà lójú koríko. Bàámi níwájú pẹ̀lú ìbọn, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá àti okùn. Wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á ṣe bí ẹni pé ipa ẹsẹ̀ ẹran làwọn ń wò. Èémí ni wọ́n ń wá. Mo mọ̀.

Ìbọn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lódìkejì odò. Akọ àgbọ̀nrín ni, ìwo rẹ̀ kúkúrú, kò tóbi jù. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n tí wọ́n bá di ife tíì mú kò gbọ̀n rárá nídìí ìbọn. Wọ́n yọ ìfun rẹ̀ síbẹ̀ kó lè fúyẹ́, ọ̀bẹ ń rìn bíi ti àtijọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Èmi wá di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo ń wọ́ ọ bọ̀ lójú ọ̀nà. Bàámi pariwo! Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ta ni mo ti jogún agọ̀, orí ni a fi ń wọ́ ọ síwájú kí irun rẹ̀ lè sùn, tí mo bá fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ, irun á máa kọ ilẹ̀. Aránṣọ tó ń gé aṣọ àrán onírun lójoojúmọ́ — ta ló yẹ kó mọ̀ jù mí lọ? Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì.

Wọ́n jókòó lórí gbòǹgbò, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń mu omi. Mo so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọ̀pá. Àárín ló yẹ kó wà, kí ẹrù lè dọ́gba. Mo wo ọrùn Bàámi látẹ̀yìn, bó ṣe tín-ín-rín nínú kọ́là. Mo bá fa okùn sẹ́yìn, sápá ọ̀dọ̀ mi, títí ó fi ku nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sí èjìká mi. Okùn bọ́ síbì kan tó kòtò lára igi náà, ó jókòó dáadáa. Mo dúpẹ́, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo jìyà o. Orí ẹran ń gbá mi láyà, orúnkún mi ń dún. Iwájú fúyẹ́ — Bàámi ń súfèé! Nígbà tí a sọdá odò, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n gbé ọ̀pá sí èjìká kejì. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Létí igbó, agégẹdú kan dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, ó ní ká gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ òun. Bàámi ní kó máa lọ, agbára àwọn ò tíì tán.

Adájọ́ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Bàámi, ó wò mí, ó ní ó dáa, òun ti gbà. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mi ò lè gbé apá. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Bàámi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní kí n má sọ fún Adájọ́. Mi ò sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo rán apá aṣọ kan sódì. Mo tú u. Mo tún un rán sódì. Bí wọ́n bá kú síbẹ̀ láìsí ẹnì kankan nítòsí, okùn tí mo fà sẹ́yìn ló pa wọ́n. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Báwo ni màá ṣe sọ fún ọdẹ pé kò gbé ẹran rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ jẹ́wọ́. Wọn ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀pá wá. Wọ́n di ìka mi mú, wọ́n fi kan àárín rẹ̀: àpá okùn kan, kò jìn. Wọ́n ní ìyẹn ni ti ìgbà tí àwọn àti ọ̀rẹ́ àwọn kan tó ti kú jọ ń gbé e. Wọ́n tún fa ìka mi lọ sẹ́yìn, ó ku ìbú ọwọ́ méjì kó dé ibi tí èjìká ń wà. Àpá kejì. Ó jìn, ó dán. Ibẹ̀ gan-an ni okùn mi bọ́ sí ní Àbámẹ́ta.

“Ta lo rò pé ó wà níwájú nígbà yẹn?”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Alágbára. Mi ò gbé nǹkan kan rí láyé mi! Mo fi ọwọ́ bo ojú.

Wọ́n ní láti ìdí odò làwọn ti mọ̀, èjìká àwọn ló sọ fún àwọn. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Adájọ́ pé òun ló jàre. Ṣùgbọ́n àwọn ò gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹnikẹ́ni. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn ń bọ̀, kí n kó àwọn aṣọ yẹn kúrò níbẹ̀.

Mo ru ọ̀pá náà wálé. Bàámi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ wọn wà lápá mi. Wọ́n bi mí bóyá ó wúwo lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, “Rárá, Bàámi, kò wúwo.”

Wọ́n ní, “Bí èmi náà ṣe máa ń sọ nìyẹn.”