Àga Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo tan ìyá arúgbó kan jẹ fún ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi ni mo sì fi tàn án. Mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Màmá ti ṣáájú yín lọ, ẹ ò bímọ lé mi, àwọn tó mọ̀ yín ní Williamsville níbí, nílẹ̀ àjèjì yìí, sì ti ń tán lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bínú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ṣọ́ọ̀bù fún yín. Ibi tí ẹ fi í sí náà ló wà. Yàrá òkùnkùn tí ẹ ti ń fọ fọ́tò ni mo ń sùn báyìí. Òórùn oògùn yẹn ò tíì kúrò lára ògiri. Bí òjò bá ti rọ̀ ló máa ń jáde, inú mi a sì dùn díẹ̀. Mo ti ta kámẹ́rà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Mo mọ̀ pé ìyẹn máa dùn yín. Fíìmù ló kọ́kọ́ wọ́n, nígbà tó yá a ò rí i rà mọ́. Kọ̀ǹpútà ló wà lórí tábìlì yín. Kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ ọdún wá síbí mọ́ láti ya fọ́tò, fóònù tó wà lápò oníkálukú ti ń yà á. Ohun tí fóònù ò lè ṣe ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Ẹni tó ń gbé yàrá kan l'Abobo á ní kí n gbé òun síwájú ilé ńlá kan ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó, kí àwọn ará ilé lè rí i. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ò lè wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀ á ní kí n fi bàbá kún un. Mo máa ń ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ayàwòrán ń ti Adjamé wá wo ọwọ́ mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé a ò ní fọ́tò kankan pọ̀, èmi àti ẹ̀yin? Ìgbà tí ẹ lọ tán ni mo tó mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó síwájú kámẹ́rà, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò kékeré tí ẹ yà fún káàdì ìgbélùú yín nìkan ni mo bá. Mo gé orí yín kúrò lára rẹ̀, mo gbé e lé ọrùn ọkùnrin kan tó wọ agbádá, mo wá gbé ara mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé e kọ́ ògiri. Àwọn oníbàárà a máa ní a jọra. Ọrùn ọkùnrin yẹn gùn ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló mọ̀.

Ẹ máa rántí bí ẹ ṣe ń ya àwọn ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti lọ. Torí iṣẹ́ yẹn làwọn ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé níbí ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá yín. Ẹ máa to àga méjì. Ẹ máa fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ẹ ya ọmọ tó kù lórí àga kìíní. Ẹ ó wá bo ìdajì kejì, ẹ ó yà á lórí àga kejì, fọ́tò á sì jáde pẹ̀lú ọmọ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ kì í fọwọ́ kan ọmọ yẹn. Ẹ máa dúró, ẹ máa wolẹ̀, títí ìyá ọmọ á fi dìde fúnra rẹ̀ tí á gbé e láti àga kan sí èkejì. Àwọn mìíràn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Mo rò pé kí ọmọ má baà sunkún ni. Mi ò bi yín léèrè, ẹ̀yin náà ò sì sọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Kẹ́hìndé wọlé wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mẹkáníìkì ni l'Abobo. Gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tí Táíwò, èkejì rẹ̀, wọ̀, ti forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù, Táíwò ò sì délé ìwòsàn. Wọ́n ti sin ín. Àgbà ẹbí wọn níbí, Bàbá Súlè, ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ túfọ̀ rẹ̀ fún ìyá wọn nílé, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá sì ń béèrè fọ́tò àwọn méjèèjì. Ohun tí Kẹ́hìndé fẹ́ ò le: kí n yà á lẹ́ẹ̀mejì nínú aṣọ méjì. Mo rántí yín, ọkàn mi sì balẹ̀. Ṣebí ohun tí bàbá mi ń ṣe náà nìyí. Mo yà á, mo dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan kù torí Táíwò pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo sì gbé àwọn méjèèjì síwájú ilé kan ní Cocody. Kẹ́hìndé fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ìyá bá pè é lórí fóònù, á sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, á sinmi díẹ̀, á wá sọ̀rọ̀ bíi Táíwò. Bí Iléyá bá ti dé, a tún ṣe fọ́tò mìíràn. Mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá wọ ọkọ̀ wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́hìndé sáré wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún gírísì. Ó ní ẹbí ọmọbìnrin kan ládùúgbò wọn nílé ti rí Táíwò nínú fọ́tò níwájú ilé ńlá yẹn, ó wù wọ́n, wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọmọ náà sì ti ń dúró dè é láti ọdún méjì. Ìyá wá mú ọkọ lọ fún un ni. Kẹ́hìndé ti sọ pé Táíwò wà ní France, ìyá sì ti ní òun fẹ́ wá kí ẹni tó ń ya àwọn fọ́tò náà.

"Tantie, pardon, jọ̀ọ́, ṣe é fún mi," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí. "Fi obìnrin òyìnbó kan sí ẹ̀gbẹ́ Táíwò. Bí wọ́n bá rí i nílé, ọmọ yẹn á lọ́kọ míì, c'est fini, ó parí."

Bàbá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Mo ṣe é. Ìrẹsì tí mo gbé kaná ò tíì jinná tí mo fi ṣe é tán. Òun ló wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ìyá wọlé.

Obìnrin kúkúrú ni. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo dì í mú. Ó rí fọ́tò alágbàdá yẹn lára ògiri, ó ṣàdúrà fún yín, ó ní mo fi ojú jọ yín. Ó tú ìdì gèlè kan, ó to fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, etí wọn ti rọ̀ nítorí ìka. Ó ní àwọn ló ń jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Ó wá fi ìka lé Táíwò.

"Ọmọ mi, ìwọ tí o fojú rí i, ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

Kẹ́hìndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Kí n kàn yí ojú kọ̀ǹpútà sí ìyá ló kù. Mo gbé ọwọ́ lé e. Bí ẹ ṣe máa ń wolẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn, bí ẹ ṣe máa ń dúró de àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ẹ ò tan ìkankan nínú wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé ọmọ wọn kọjá, ojú wọn sì là sílẹ̀. Èmi ni mo bo ojú ti ìyá yìí. Mo pa kọ̀ǹpútà.

Mo ní, "Ìyá, ẹnì kan ṣoṣo ni mo yà."

Ó wò mí, ó wo Kẹ́hìndé, ó ń da àwọn fọ́tò náà dojú délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi Kẹ́hìndé pé láti ìgbà wo. Kẹ́hìndé ti dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ìyá fẹ́ dìde, ó ṣubú. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Bàbá Súlè wá síbí, kò jókòó. Ó bi mí pé ta ló ní kí n túfọ̀ nínú ẹbí tí kì í ṣe tèmi, pé bí ìyá bá kú ńkọ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kankan ò gbé iṣẹ́ wá fún mi mọ́. Àwọn tó máa ń kí mi ń gba òdìkejì títì kọjá. Ṣé ó tọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin ì bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìyá padà wá, Kẹ́hìndé dì í mú lápá. Wọ́n ti mú un dé ibojì Táíwò. Ó ní lọ́jọ́ kejì lòun ń lọ, òun fúnra òun ló sì máa lọ bá ẹbí ọmọbìnrin yẹn kí wọ́n má dúró mọ́. Ó ní kí n gbé àga méjì wá. Àwọn àga yín náà ni mo gbé. Mo ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà tuntun ò nílò páálí, pé Kẹ́hìndé ò tilẹ̀ ní láti dìde, pé kọ̀ǹpútà á ṣe ìyókù.

"Rárá," ni ìyá wí. "Jẹ́ kó dìde."

Mo ya Kẹ́hìndé lórí àga kìíní. Ìyá wá lọ bá a, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì fà á lọ sórí àga kejì. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Mo wolẹ̀, mo dúró dè é. Nígbà tó kúrò ni mo tó yà á.

Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló mú lọ. Mẹ́rin ìyókù wà lórí tábìlì yín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mi ò kó àga kúrò. Mo sọ fọ́tò àwa méjèèjì kalẹ̀ lára ògiri, ẹ forí jì mí. Mo ṣètò kámẹ́rà kó ka díẹ̀, kó sì yà mí fúnra rẹ̀, mo lọ jókòó lórí àga kìíní. Ó yà mí. Mo wo àga kejì, mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó máa di ọwọ́ mi mú kí n dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi àti àga tó ṣófo. Ó wà lára ògiri báyìí. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ta ni mò ń dúró dè.

Àárò yín ń sọ mí, Bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo,
tó ṣì wà lórí àga kìíní.