Wọ́dà Ti Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Mọ́lé

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ojú ò sọ̀rọ̀ lónìí.

Mo dé láti ilé ìtẹ̀wé, gọ́ọ̀mù ṣì wà ní gbogbo ìka mi — irínwó ìwé la dì lẹ́yìn lónìí — mo bá Ẹ̀gbọ́n níwájú kọ̀ǹpútà, íápíìsì létí, tó ń tẹ bọ́tìnnì kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ọmọ rẹ ti yadi."

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí bí inú bá ń bí mi n kì í rántí nǹkan. Géèmù ogun kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn láyé yìí. Wàá kọ́ ìlú, wàá kó ọmọ ogun jọ, wàá fọgbọ́n gba odi ọ̀tá. Òun àti Tíṣà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń gbé ìlú mìíràn, ti ń bára wọn jà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé láti ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí àìsàn gba ojú rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo kọ àfikún kan sínú géèmù yẹn. Mo sọ ọ́ ní Ojú. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, Ojú á sọ ọ́ sí i létí: "Ẹlẹ́ṣin mẹ́fà, lápá òsì odò." Ohùn èmi ni. Àwọn afọ́jú mìíràn gbọ́ nípa rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tọrọ ẹ, olúkúlùkù fi ohùn ará ilé rẹ̀ sí i. Wọ́n ti lé ní igba báyìí.

Lónìí, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù gbé àtúnṣe tuntun wá. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn wọlé. Láti ìgbà yẹn, kẹ́kẹ́ ti pa mọ́ Ojú lẹ́nu.

Sátidé ku ọjọ́ márùn-ún.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹrin

Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ kan pa mọ́ sínú àtúnṣe yẹn, kí àwọn olè má bàa ṣe ẹ̀dà géèmù náà. Wọ́dà ni èmi ń pè é. Wọ́dà ò gbà kí ohunkóhun yọjú wo inú géèmù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn olè a máa yọjú kí wọ́n lè já kọ́kọ́rọ́. Ojú náà a máa yọjú — báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tí ẹlẹ́ṣin wà? Lójú Wọ́dà, olè ni olè ń jẹ́. Èmi tí mo ra géèmù yìí lójú ọjà! Hàbà!

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti ba ọjọ́ kan jẹ́. Báwa aláfikún ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé, yí ìlà kan padà, ṣí géèmù, wò ó, pa á dé, yí òmíràn padà. Ogójì ìgbà lójúmọ́, kò jẹ́ nǹkan kan. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo jókòó tì í láti àárọ̀. Ìgbà karùn-ún tí mo ṣí i, Wọ́dà ní kọ̀ǹpútà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun ti rí lórí àkáǹtì yìí lónìí, kí n padà wá lọ́la.

Kọ̀ǹpútà márùn-ún kẹ̀? Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé yìí! Gbogbo ìgbà tí mo bá yí ìlà kan padà ni aṣiwèrè yẹn ń rò pé ẹ̀rọ tuntun ló dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù. Mo wo ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹfà

Ìdánwò márùn-ún. Òfo márùn-ún.

Fúráìdeè, ọjọ́ keje

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ojú ewé méjì, mo bẹ̀ wọ́n dọ́ba. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn: a ti gba ọ̀rọ̀ yín, ẹ ṣe sùúrù.

Agbódegbà náà kọ̀wé sí mi. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwa aláfikún ni. Kò mọ̀ pé orúkọ tí mo sọ òun nìyẹn. Ó ní, Àǹtí, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ̀dà tí wọ́n ti yọ Wọ́dà kúrò nínú ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, Ojú á máa ròyìn níbẹ̀ bí ẹyẹ ẹ̀ga. Mo ní kó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àmọ́ ó dùn mí. Ẹni tó jí i ń gbádùn, ẹni tó rà á ń ṣẹ̀wọ̀n.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Aago mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ fún un, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe. Ó jókòó síbẹ̀ náà.

Tíṣà pè é. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún Tíṣà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ bá tán. Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ lọ sùn. Aago mẹ́rin àbọ̀ ọ̀sán! Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ, wọ́n ń mú un lọ́wọ́ dé ilé ìwẹ̀, wọ́n ń bu oúnjẹ fún un. Sátidé nìkan lòun náà ń pàṣẹ. Mo lọ gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì, mo sunkún sí i.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo tọ́ ọ wò díẹ̀. Mo ní, bí ẹnì kan bá rí ẹ̀dà géèmù yẹn níbòmíràn ńkọ́, èyí tí kò ní wàhálà? Ó ní, "Fàyàwọ́."

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe kọ́sítọ̀ọ̀mù ní bodè. Ó gba aṣọ lọ́wọ́ àbúrò ìyá wa rí, ní gbangba, lójú àwọn èrò ọkọ̀. Ọdún mẹ́rin ni màmá yẹn ò fi kí i. Ó ní fàyàwọ́ ò ní kékeré, ẹni tó bá gbójú kúrò lára àpò kan máa gbójú kúrò lára ọkọ̀ àjàgbé kan. Mo ní mo gbọ́ sà.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹtàlá

Kò sí lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n ò fá irùngbọ̀n láti Sọ́ńdè. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì lónìí pé kí lòní.

Fúráìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣe é.

Mo gba ẹ̀dà lọ́wọ́ Agbódegbà, mo fi sórí kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n nígbà tó wà ní ilé ìwẹ̀. Ojú sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí Tíṣà lè bá a ṣeré, òun náà gbọ́dọ̀ ní irú ẹ̀dà yẹn. Mo pè é. Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí ọlọ́pàá ń mú. Ó bi mí bóyá Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, òun náà ò mọ̀.



Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ariwo! "Ẹ kó ẹlẹ́ṣin síbẹ̀! Tíṣà, o dáràn lónìí!" Gbogbo ilé ń mì. Ó gba ìlú mẹ́ta lọ́wọ́ Tíṣà, ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ ló béèrè pé ṣé ilé-iṣẹ́ yẹn ti tún un ṣe. Mo ní wọ́n ti tún un ṣe. Kíá báyìí, bí ẹni tó ti ń parọ́ láti kékeré. Ó gbójú sókè díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," kò sì béèrè nǹkan mìíràn.

Tọ́sìdeè, ogúnjọ́

Lẹ́tà dé! Èèyàn ló kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Obìnrin kan ní ilé-iṣẹ́ yẹn — Obìnrin Lẹ́tà ni n ó máa pè é — sọ pé àwọn afọ́jú tó kọ̀wé sí àwọn pọ̀ débi pé ọ̀gá àwọn gbà. Wọ́n á fún Ojú níwèé àṣẹ. Wọ́dà á jẹ́ kó kọjá. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la.

Mo fò sókè. Lẹ́yìn náà ni mo kà á dé ìsàlẹ̀. Orúkọ mi ló máa wà lórí ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá rí i pé ẹni tó ni ìwé àṣẹ lọ́wọ́ nínú ẹ̀dà jíjí, wọ́n á gba àṣẹ náà padà, Ojú á sì dákẹ́ létí gbogbo ẹni tó ń lò ó.

Ká ní mo ní sùúrù fún ọjọ́ mẹ́fà péré.

Fúráìdeè, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo pa ẹ̀dà Agbódegbà rẹ́ kí n tó fẹnu kan oúnjẹ. Mo wo gbogbo ibi tó lè sá pa mọ́ sí, mo gbá a mọ́. Mo dá géèmù tá a rà padà síbẹ̀, mo ní kí Tíṣà náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Obìnrin Lẹ́tà fi gbólóhùn mọ́kànlélógójì ránṣẹ́, gbogbo ohun tí Wọ́dà lè sọ, kí n kà wọ́n sínú Ojú. Mo wọ àárín aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ohùn má baà ní gbohùngbohùn, mo kà wọ́n lọ ràì. Lẹ́yìn ogún n ò mọ ohun tí mò ń kà mọ́. Mo ṣáà fi ọ̀yàyà kà á, kí inú Ẹ̀gbọ́n lè dùn.

Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún

Kò fi íápíìsì sétí. Ó ní kí èmi náà wá gbọ́ bí òun ṣe máa na Tíṣà. Mò ń lọ aṣọ ní pálọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, tó dùn bíi ti ẹni tó ń kí àlejò:

"A rí ẹ̀dà jíjí lórí ẹ̀rọ yìí. A ti ti àkáǹtì yìí pa."

Mo sáré wọlé. Ó tẹ bọ́tìnnì kó tún un sọ. Ohùn mi tún un sọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ṣé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n jáde.

Agbódegbà kọ̀wé lẹ́yìn ìgbà tí mo bú u tán: ṣé mo yọ fáìlì kékeré tí ẹ̀dà náà máa ń fi sílẹ̀ ní ìdí kọ̀ǹpútà? Fáìlì wo? Fáìlì wo, ìwọ ọmọ ìyà yìí!

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlélógún

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin Lẹ́tà kọ̀wé: kí á sọ ẹni tó gbé ẹ̀dà yẹn wọlé kó tó di ọ̀la lálẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, òun ò ní lè gbà mí sílẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà sí Ẹ̀gbọ́n létí láti ẹnu ọ̀nà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó pè mí kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ti fá irùngbọ̀n fúnra rẹ̀, ó gé ara rẹ̀ níbi méjì. Ó ní kí n jókòó, kí n kọ ohun tí òun bá sọ: "Èmi tí mo ni àkáǹtì yìí ni mo ni ẹ̀dà tí ẹ bá níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló wà."

Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo ṣe é. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi gbọ́ irọ́ awakọ̀, ṣé mo rò pé òun ò mọ bí irọ́ ṣe ń dún lẹ́nu ọmọ ìyá òun? Láti Sátidé tí Ojú padà sọ̀rọ̀ lòun ti mọ̀. Òun kàn ò béèrè síwájú ni, torí bí òun bá béèrè, mo lè dáhùn. Gbogbo awakọ̀ tó sọ pé òun ò wo ẹ̀yìn ọkọ̀ òun lòun máa ń mú. Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní wọn ò ní ṣí i fún un mọ́ láéláé. Ó ní òun mọ̀. Ó ní igba afọ́jú ò ní torí òun kan ṣoṣo tún fọ́jú lẹ́ẹ̀kejì.

Mo tẹ gbogbo rẹ̀. N ò lè fi ránṣẹ́. Ó ní kí n gbé ìka òun lé bọ́tìnnì náà. Mo gbé e lé e. Ó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n pe Tíṣà fún òun, kí n sọ fún un pé kó má dúró de òun ní Sátidé. Mo pè é. Tíṣà gbé e, ó rò pé Ẹ̀gbọ́n ni, ó ní "Ọ̀gágun, báwo ni?" Ohùn mi ò jáde. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.